Ẹgbẹ́ Òṣèlú Aláwọ̀-Ewé àti Ìpadàbọ̀ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Agbègbè: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ láti Etí Odò Ọ̀ṣun

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré tí ó fi ọ̀rọ̀ àyíká ṣe ìpìlẹ̀ lè sọ, àti ohun tí kò rí àyè sọ, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ní ọdún 2020 ni iṣẹ́ náà gùn lé: ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, àti pípa orúkọ Green Party of Nigeria rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìrírí Àríwá Ireland ni a fi ṣe òdiwọ̀n. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ agbègbè tí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ odò, igbó àti ilẹ̀ dí i lọ́wọ́ yóò máa ṣọ́ ààlà nìkan, kò ní lè ṣọ́ ohun tí ó ń la ààlà kọjá. Iṣẹ́ náà fi hàn pé òfin àti èdè ni ó pawọ́ pọ̀ pa ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé lẹ́nu mọ́, ó sì tọ́ka sí ipa tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè kó.

Ìfáàrà

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbàkígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà bá péjọ. Ohun tí lámèyítọ́ ní láti bi wọ́n ni pé, kí ni ọwọ́ tí a gbá jọ náà fẹ́ di mú?

Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ibi tí ó dára láti ti béèrè ìbéèrè yìí. Ìlú náà kò jìnnà sí Ìwó, ó sì wà ní ìhà ibi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tí a bí ní Ilé-Ogbó ní ọdún 1957, tí kò kó kúrò nílé bàbá rẹ̀ títí di òní, ti gbé ní abẹ́ ìjọba agbègbè kan àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1967, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1976, àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ọdún 1991. Ilé kò yí padà, oko kò yí padà, odò kò yí padà; ààlà ni wọ́n ń fà kiri lórí wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ààlà jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ìwé ṣe, ṣùgbọ́n omi ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ìpadàbọ̀ wo ni a ń sọ?

Ó yẹ kí a là á yé ara wa pé ìjọba agbègbè kò tí ì padà ní ojú òfin. Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní oṣù Ògún, ọdún 1957. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966 ni òfin ológun kẹrìnlélọ́gbọ̀n fi òpin sí ètò agbègbè, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 1967, ìpínlẹ̀ méjìlá ni ó rọ́pò àwọn agbègbè. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ Odùduwà láti jọ ni kò pọ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Odù'a tí àwọn ìpínlẹ̀ tí a yọ lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jọ ń ṣe alábòójútó rẹ̀ láti ọdún 1976.

Ohun tí ó padà ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n dá àjọ DAWN sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa ronú lórí ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Èkìtì, Èkó, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé ètò náà kò bá òfin mu. Àríyànjiyàn náà le títí tí wọ́n fi fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Èyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́: agbègbè lè ní èrò kan, ṣùgbọ́n òfin kò mọ agbègbè, ìpínlẹ̀ ni ó mọ̀. Ní ọdún 2025 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tún dá àjọ ìdàgbàsókè kan sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ yìí bá sọ pé ìjọba agbègbè padà, òjìji rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Òjìji náà ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń fi hàn wá ohun tí àwọn aṣáájú yóò fi agbára agbègbè ṣe bí wọ́n bá rí i gbà.

Orúkọ ẹgbẹ́ àti àwọ̀ ewé

Green Party of Nigeria wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn hàn nínú ìwé ìdìbò ààrẹ ọdún 2019. Olùdíje 73 ni ó wà nínú ìwé ìdìbò náà. Ẹgbẹ́ APC ní ìbò 15,191,847, PDP sì ní 11,262,978. Bí a bá kó ìbò ẹgbẹ́ méjèèjì jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí kò bàjẹ́. Àwọn 71 yòókù ni wọ́n pín ìyókù. Kò sí àní-àní pé owó àti agbára ìjọba kó ipa nínú èyí. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ èdè gbọ́dọ̀ wo orúkọ ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù níbi tí irú ẹgbẹ́ yìí ti gbilẹ̀, àwọ̀ ewé dúró fún igbó, oko àti afẹ́fẹ́ tí kò ní èérí. Ìtumọ̀ yìí kò fò wọ inú Yorùbá bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè wa: funfun, pupa àti dúdú. Abẹ́ dúdú ni ewé wà. Igbó tí ó lẹ́mìí, dúdú ni à ń pè é. Ewé tí ilẹ̀ ọlọ́ràá bọ́ yó, dúdú minimini ni ó ń ṣe. Bí kì í bá sì í ṣe dúdú, a ó ní ó tutù yọ̀yọ̀, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa omi tí ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe nípa àwọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun jẹ́ 'aláwọ̀ ewé' kò tí ì sọ fún Yorùbá pé òun fẹ́ràn igbó.

Ohun mìíràn tún wà. Ní Nàìjíríà, àwọ̀ ewé ti ní ẹni tí ó ni ín. Àsíá orílẹ̀-èdè, aṣọ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè àti ìwé ìrìnnà sí òkè òkun ni ó gbé e wọ̀. Olùdìbò tí ó bá rí àwọ̀ yìí lára ẹgbẹ́ kan yóò kà á sí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, irú èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pariwo. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 'àyíká' fúnra rẹ̀ rí. Lẹ́tà ìjọba ni ó ti bọ́ sí ẹnu aráàlú, ohun tí ó sì ń mú wá sí ọkàn ni wolé-wolé, ọjọ́ ìmọ́tótó, gọ́tà tí a kò kó àti owó ìtanràn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi àyíká polongo ìbò yóò dà bí ẹgbẹ́ wolé-wolé lójú ìyá aláta ní ọjà Ìwó.

Ṣé a lè wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú àṣà wa? Rárá. Igbó àìwọ̀, odò tí a kò gbọdọ̀ pa ẹja inú rẹ̀, igi tí a kò gbọdọ̀ gé, gbogbo wọn jẹ́ òfin àyíká tí àwọn baba ńlá wa ṣe. Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àti àwọn oníṣọ̀nà tí ó bá a ṣiṣẹ́, dúró ti igbó náà nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ gé e tà, tí wọ́n sì fẹ́ kọ́lé sí i. Àjọ UNESCO gbà á sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Èyí jẹ́ iṣẹ́ òṣèlú ní ti gidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àpótí ìbò níbẹ̀. Àléébù tí ó tóbi jù lọ lára ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé Nàìjíríà, ní ojú lámèyítọ́, ni pé ó lọ yá orúkọ lókèèrè nígbà tí igbó dúdú wà nílé.

Òfin tí ó pa ẹnu dé

Síbẹ̀, kì í ṣe èdè nìkan ni ó fà á. Abala 222 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé olú-ilé ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá, àti pé orúkọ tàbí àmì rẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ohun tí ó mọ sí apá kan orílẹ̀-èdè. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí kò fara sin: ẹ̀rù ìjà ẹ̀yà tí ó wáyé ní àwọn ọdún 1960 ni. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ odò Ọ̀ṣun. Àwọn tí ó ń gbé lẹ́bàá odò kan kò lè dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ láti gbèjà rẹ̀ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ gba ilé ní Àbújá, kí wọ́n sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ odò náà kan Sókótó bí ó ṣe kan Òṣogbo.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé àjọ elétò ìdìbò, INEC, kò lè fi tirẹ̀ kún àwọn ohun tí ìwé òfin béèrè kí a tó forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹgbẹ́ sì di púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìwé òfin ṣe, tí abala 225A fi wọlé. Abala yìí fún INEC ní àṣẹ láti pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́ bí kò bá rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ìpínlẹ̀ kan nínú ìdìbò ààrẹ tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ìdìbò gómìnà, bí kò bá borí ní wọ́ọ̀dù kan nínú ìdìbò alága, tí kò sì rí ipò kan ṣoṣo gbà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tàbí ti káńsẹ́lọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2020, INEC pa orúkọ ẹgbẹ́ 74 rẹ́. 18 ni ó ṣẹ́ kù. Green Party of Nigeria wà lára àwọn tí ó lọ. Ní ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí àṣẹ tí INEC lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ méjèèjì lé ara wọn. Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé wọlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ó wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó pète pé kí ó rí bẹ́ẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò sì ní àjọṣe kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá kà wọ́n pọ̀, a ó rí i pé ní àkókò kan náà tí agbègbè rí ohùn padà, ohùn òṣèlú kan tí ì bá máa bi agbègbè léèrè nípa omi àti igbó kò ní orúkọ mọ́ lábẹ́ òfin.

Àmọ̀tẹ́kùn láìsí igbó

Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀ṣọ́ náà yẹ fún àfiyèsí. Àmọ̀tẹ́kùn jẹ́ ẹranko inú igbó, ó jọ ẹkùn, ó gbójú, ó sì mọ ọ̀nà òru. Ẹni tí ó yan orúkọ náà mọ èdè, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ kò ní jí. Òkìkí rẹ̀ kàn láàárín ọjọ́ mélòó kan ju bí orúkọ ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé ti kàn láàárín ọdún. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti inú àṣà jáde ni aráàlú ń gbà.

Ṣùgbọ́n níbo ni àmọ̀tẹ́kùn wà lónìí? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò rí i rí àfi nínú àwòrán tàbí nínú ọgbà ẹranko. Igbó tí D. O. Fagunwa fi ṣe ibùdó ìtàn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938 jẹ́ igbó tí ọdẹ ń bẹ̀rù. Igbó tí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ń wọ̀ lónìí jẹ́ igbó tí pákó, èédú àti oko ti jẹ́ kù díẹ̀. Agbègbè yá orúkọ lọ́wọ́ igbó, kò sì dá nǹkan kan padà fún un. Ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe ì bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ níbí: ẹ̀yin tí ẹ sọ ẹ̀ṣọ́ yín ní Àmọ̀tẹ́kùn, kí ni ẹ ṣe fún ilé àmọ̀tẹ́kùn?

Odò tí ó la ìpínlẹ̀ márùn-ún já

Bí ọ̀rọ̀ igbó bá dà bí ọ̀rọ̀ akéwì, ọ̀rọ̀ omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìgèdè, ni odò Ọ̀ṣun ti sun. Ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá, ó dé adágún Aṣéjìrè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba ilẹ̀ Ògùn, ó sì wọ ọ̀sà ní ìhà Èkó. Ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà ni odò kan ṣoṣo yìí so pọ̀. Kò sí àjọ kan tí àwọn gómìnà dá sílẹ̀ tí ó so wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Láti Aṣéjìrè ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ lọ sí Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1970.

Ìwakùsà wúrà ní agbègbè Iléṣà, pàápàá èyí tí àwọn aláìníwèé-àṣẹ ń ṣe, ti sọ omi odò náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tí kì í ṣe ti ìjọba ni ó kọ́kọ́ pariwo pé irin olóró wà nínú omi náà. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ti ń sún mọ́lé, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: odò tí à ń bu omi rẹ̀ fún àgàn kí ó lè bímọ di odò tí wọ́n ní kí a má ṣe mu omi rẹ̀. Omi kò lọ́tàá ni Yorùbá máa ń wí. Omi ti wá ní ọ̀tá báyìí.

Ta ni ó ní àṣẹ láti dá sí i? Ìwé òfin ka ìwakùsà sí ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Ó tún fi omi tí ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan náà, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá ti kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ti wà láti ọdún 1976, Abẹ́òkúta sì ni olú-ilé rẹ̀. Nítorí náà, gómìnà Ọ̀ṣun lè kìlọ̀, kò lè fagi lé ìwé àṣẹ ìwakùsà. Gómìnà Ọ̀yọ́ lè tún omi Aṣéjìrè sè, kò lè sọ̀rọ̀ ní Iléṣà. Òfin tí ó fi igbó Òṣogbo pa mọ́ kò lè dá omi tí ó ti òkè bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó.

Níbí ni àìsí ẹgbẹ́ aláwọ̀-ewé ti dun ni jù. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ kékeré lè fọ odò. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó máa béèrè, ní gbogbo ìpàdé àti nínú gbogbo ìpolongo ìbò, ìdí tí ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó bá ìjọba àpapọ̀ jiyàn títí tí wọ́n fi rí àyè dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ kò fi lè jiyàn bẹ́ẹ̀ nítorí omi tí wọ́n jọ ń mu.

Òdiwọ̀n láti Àríwá Ireland

Kí a má baà rò pé àlá ni èyí, ó yẹ kí a wo ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àríwá Ireland wà lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pín erékùṣù kan pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Ireland. Lẹ́yìn ìjà ọlọ́dún gbọọrọ láàárín àwọn tí ó fẹ́ wà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí ó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Ireland, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1998. Àdéhùn náà dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin agbègbè sílẹ̀ ní Belfast, ó sì dá ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Àríwá àti Gúúsù sílẹ̀ láti jọ máa bójú tó ohun tí ó la ààlà kọjá. Àyíká wà lára àwọn ohun náà.

Ìjọba agbègbè yìí dá kú ní ọdún 2002, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 2007. Nínú ìdìbò oṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹ́ Green rí ọmọ ilé kan ṣoṣo nínú 108, Brian Wilson ní North Down. Ètò ìdìbò tí ó ń pín ipò ní ìbámu pẹ̀lú bí ìbò bá ṣe lọ ni ó mú un wọlé. Ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ti ń kó gbogbo rẹ̀, ọwọ́ òfo ni ì bá bá dé ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ẹgbẹ́ Green wọ ìjọba ní Dublin, ní ìhà kejì ààlà. Ẹgbẹ́ kan náà wá ní ọmọ ilé kan ní Àríwá àti mínísítà ní Gúúsù.

Kí ni ó rí ṣe? Kò pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè fún àjọ olómìnira tí yóò máa dáàbò bo àyíká. Ní ọdún 2008, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà kàn kọ̀ ọ́. Ilé ìgbìmọ̀ náà tún pín àwọn ọmọ ilé sí ìhà méjì tí ó ti bá ara wọn jà, ó sì pe àwọn tí ó kù ní 'àwọn mìíràn'. Lára 'àwọn mìíràn' yìí ni ẹgbẹ́ Green wà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ odò jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, ìbéèrè náà kò kú. Ní ọdún 2021, Clare Bailey, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, gbé àbá òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́ kalẹ̀. Ìjọba sáré gbé tirẹ̀ jáde, wọ́n tún un ṣe, ó sì di òfin ní ọdún 2022. Ní ọdún kan náà ni Bailey pàdánù ipò rẹ̀ nínú ìdìbò.

Nígbà tí ìjọba agbègbè náà tún padà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Green kankan nínú ilé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023 ni èéhọ̀n olóró ti bo adágún Lough Neagh, tí ó ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún omi mímu Àríwá Ireland. Ẹgbẹ́ náà pàdánù ipò, ṣùgbọ́n òfin tí ó fà wà níbẹ̀, adágún tí ó bàjẹ́ náà sì ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ dáhùn. Òdiwọ̀n ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe iye ìjókòó. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò lè gbójú fò mọ́ nítorí pé ó ti sọ̀rọ̀ ni òdiwọ̀n rẹ̀.

Àwọn àtakò tí ó lè dìde

Ẹni kan lè sọ pé ètò ààbò ni ó kọ́kọ́ yẹ. Àgbẹ̀ tí ẹran jẹ oko rẹ̀, tí wọ́n sì jí ọmọ rẹ̀ gbé, kò ní etí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ odò. Òótọ́ ni èyí, iṣẹ́ yìí kò sì bu ẹnu àtẹ́ lu Àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n ìjà àgbẹ̀ àti darandaran fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjà lórí ilẹ̀, koríko àti omi. Ẹni tí ó bá ṣọ́ oko ní òru tí kò sì bójú tó omi ní ọ̀sán ń wo àpá, ó fi egbò sílẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ 74 náà kò ju inú àpò ìwé ẹni kan lọ, àti pé ìwé ìdìbò ti gùn ju aṣọ ìró lọ. Èyí náà kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n bí koríko bá pọ̀ lóko, a kì í dáná sun oko. Òfin tí ó ń fi iye ìbò nìkan yẹ ẹgbẹ́ wò kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ tí kò ní èrò kankan àti èyí tí èrò rẹ̀ kò tí ì rí èdè.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ agbègbè ilẹ̀ Yorùbá padà pẹ̀lú ojú tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà, kò sì tí ì ní ojú tí ó ń ṣọ́ omi. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ì bá jẹ́ ojú náà kò rí ẹsẹ̀ dúró, nítorí òfin fà á lọ sí Àbújá, àti nítorí pé òun fúnra rẹ̀ fi orúkọ àyálò sọ̀rọ̀ létí àwọn ènìyàn tí ó ní ọ̀rọ̀ igbó àti odò lọ́pọ̀ yanturu. Ìrírí Àríwá Ireland fi yé wa pé ohùn kan ṣoṣo tó láti mú kí ọ̀rọ̀ má kú, bí òfin bá gbà á láyè láti jókòó.

Àtúnṣe òfin ìdìbò wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ọ̀rọ̀ èdè wà lọ́wọ́ olùkọ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọ̀, lè fi igbó dúdú ṣe àpẹẹrẹ kí ó sì béèrè ibi tí igbó náà wà. Ẹni tí ó ń kọ́ wọn ní òwe lè gbé 'omi kò lọ́tàá' yẹ̀ wò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ bóyá òwe náà ṣì dúró. Ẹni tí ó ń kọ́ wọn ní àròkọ lè ní kí wọ́n tọ ipa odò Ọ̀ṣun láti Ìgèdè dé ọ̀sà, kí wọ́n ka iye ààlà tí ó gbà kọjá, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó yẹ kí ó dáhùn ní ààlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí ní kíláàsì ní Ilé-Ogbó yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ẹgbẹ́ yòówù tí ó bá wá, ńlá tàbí kékeré, yóò ní láti dáhùn nípa omi kí ó tó sọ̀rọ̀ ààlà.